Ọ̀sà Ló Bí Èbúté: Òwò Ojú Omi láti Ouidah dé Lẹ́kì

  Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òwò ojú omi àti àwọn ìlú èbúté tó wà létí òkun wa. Ẹni tó bá ń retí kí n máa ka orúkọ ọba àti ọdún tí wọ́n jẹ, kó forí jì mí. Àríyànjiyàn ni mo gbé wá. Púpọ̀ nínú wa gbà pé òkun ló sọ Èkó di Èkó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òkun ò ṣoore fún Èkó rí. Ọ̀sà ló ṣe é, òun àti àwọn ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ọ̀sà wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ìlú tó bá di ọ̀nà wọ̀nyí mú ló ń jẹ èrè òkun. Èyí tí wọ́n bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, bó jókòó sẹ́nu òkun gan-an, á máa wo ọkọ̀ lókèèrè ni.

Ẹ wo etí òkun náà fúnra rẹ̀, láti ẹnu odò Volta ní ilẹ̀ Gánà títí dé ẹnu odò Benin. Kò sí àpáta tí ọkọ̀ lè sá sẹ́yìn rẹ̀, kò sí ibi tí ilẹ̀ ti ká omi mọ́ra. Ìgbì ń wó lu iyanrìn lọ́sàn-án lóru, ìṣàn omi sì ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ọkọ̀ ńlá tó bá sún mọ́ bèbè, orí iyanrìn ni yóò jókòó sí. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi máa ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lókèèrè, tí ọkọ̀ kékeré á wá máa gbé ẹrù la ìgbì kọjá. Bí ìgbì bá dojú ọkọ̀ kékeré náà dé, ẹrù lọ nìyẹn, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Láyé ìgbà yẹn, ẹnu omi kan ṣoṣo tí ọkọ̀ òkun lè gbà wọlé ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn ni ti Èkó, ìyẹn náà ò sì dára. Òkìtì iyanrìn dábùú ẹnu rẹ̀ lábẹ́ omi, kì í sì í dúró sójú kan. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lónìí lè ti dí kí oṣù tó ń bọ̀ tó lé.

Lẹ́yìn bèbè iyanrìn náà ni ọ̀sà wà, omi pẹ̀lẹ́. Ẹni tó mọ ojú ọ̀nà lè wa ọkọ̀ kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kó gba Àgbádárìgì dé Èkó, kó gba iwájú Ẹ̀pẹ́ kọjá sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, títí tí yóò fi máa súnmọ́ odò Benin, láìfojú kan ìgbì òkun. Kí òyìnbó kankan tó dé, àwọn Ẹ̀gùn, Àwórì, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ti ń fi ọ̀pá àti àjẹ̀ wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹja àti iyọ̀ ń gòkè lọ, iṣu àti aṣọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjà náà ti wà. Àwọn àlejò tó gba orí òkun dé kàn wá bá a ni.

Ẹ gbọ́ ẹ̀rí ẹnìkan nínú wọn. Ní 1472 ni àwọn ará Pọ́túgà kọ́kọ́ dé apá ibí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé fún àwọn atukọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí gbogbo etí òkun yìí. Nígbà tó dé orí ẹnu omi Èkó, ó ní kò sí òwò tàbí èrè kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ Ìjẹ̀bú. Ó sọ̀rọ̀ nípa yàrà ńlá tó yí ìlú náà ká, ó sọ̀rọ̀ nípa eyín erin, ó sì ní ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan. Ẹ̀gbẹ́ omi ni Èkó wà, Ìjẹ̀bú wà nínú igbó, síbẹ̀ Ìjẹ̀bú ni oníṣòwò rí. Ó yẹ kí wọ́n máa ka ojú ìwé yẹn sétí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èbúté.

Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere, ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ouidah ò sí létí òkun. Láti ìlú náà dé bèbè tó kìlómítà mẹ́rin, ọ̀sà sì wà láàárín. Àárín ìlú ni àwọn Faransé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Pọ́túgà kọ́ odi wọn sí, níbi tí ìbọn wọn ò ti lè dáàbò bo ọkọ̀ kankan lójú òkun. Abẹ́ ojú ọba ni wọ́n wà, ọba sì mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ará Ouidah fúnra wọn, awakọ̀ ọ̀sà ni wọ́n. Wọn ò mọ bí a ti ń la ìgbì. Láti Elmina àti etí òkun Gánà ni wọ́n ti ń háyà àwọn awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni èbúté tí kò ní ibùdókọ̀, tí kò ní atukọ̀ òkun tirẹ̀, ṣe di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti kó ẹrú jù lọ ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn òpìtàn ṣírò àwọn tí wọ́n kó gba bèbè yẹn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan.

Mílíọ̀nù kan, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé nínú irú àpéjọ báyìí a máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òwò dùn létí, ká sọ̀rọ̀ olówó, ká sọ̀rọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí igba ọdún, èèyàn ni ọjà tó tóbi jù lọ nínú òwò yìí. Àwọn ọba wa tà, àwọn baálé wa tà, àwọn jagunjagun wa kó wọn wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ òyìnbó nìkan bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ní 1727, Agaja, ọba Dàhòmì, gba Ouidah. Láti ìgbà náà ni ìjà èbúté ti le. Ọ̀yọ́ jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ Àjàṣẹ́ di ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará Pọ́túgà ti ń pe ìlú náà ní Porto-Novo nígbà yẹn. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, nígbà tí Dàhòmì ń wo ìlú yẹn bí ohun tí òun lè fọwọ́ kàn, Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ pé àwo tòun nìkan ni, kí ẹlòmíràn má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Dàhòmì gbọ́. Ìlú tó wà nínú ọ̀dàn, tó ń fi ẹṣin jagun, tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kan, òun ló ń pàṣẹ lórí èbúté, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wá wà.

Àgbádárìgì náà jáde láàárín ọ̀rúndún yẹn, ìlú àwọn tó sá fún ogun Dàhòmì, tí àwọn oníṣòwò òyìnbó sì bá tẹ̀ dó. Ní 1784, Dàhòmì àti Èkó pawọ́ pọ̀ fọ́ ọ. Dàhòmì gba orí ilẹ̀ wá, Èkó sì kó ọkọ̀ ogun gba orí ọ̀sà wá. Ẹ kíyè sí Èkó níbẹ̀. Láyé Ọba Ológun Kútẹ̀rẹ̀ ni, Èkó sì ti ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣọ́ ọ̀nà omi lápá ìwọ̀-oòrùn àti lápá ìlà-oòrùn. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun sì ń kó àwọn Yorùbá lẹ́rú káàkiri, Èkó ni àwọn olówò ẹrú ń wá jù. Òkìtì iyanrìn ẹnu omi rẹ̀ ò tíì kúrò níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo ọ̀nà ọ̀sà ti wọ ibẹ̀.

Kí ni àwọn èèyàn wa ń gbà dípò àwọn ẹrú náà? Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lórí méjì nínú wọn. Èkíní ni tábà Bahia. Ewé tí kò dára tó èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù ni wọ́n ń ká jọ, tí wọ́n ń fi oje ìrèké pa lára kó má baà gbẹ. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń ti Salvador wá tààrà, láìya Pọ́túgà. Okùn yẹn ò já nígbà tí òwò ẹrú parí. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, àwọn tó gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà. Àwọn náà di oníṣòwò. Wọ́n ń fi obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ránṣẹ́ sí Bahia, torí pé àwọn Yorùbá tó kù níbẹ̀ ò lè bọ òrìṣà láìsí wọn, tábà àti ọtí ìrèké sì ń bọ̀ wá. Nínú gbogbo ìtàn òwò yìí, ẹ̀ka kan ṣoṣo tí mo lè fi ọkàn kan yọ̀ sí nìyẹn.

Èkejì ni owó ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ẹyọ ti ń wá. Wọ́n á kọ́kọ́ kó o lọ sí Amsterdam tàbí London kí wọ́n tó kó o wá fún wa. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg, pàápàá ilé O'Swald tó ní ilé ìtajà l'Ékòó, rí i pé ẹyọ ńlá kan wà létí òkun Zanzibar, tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o wá fi ra epo pupa. Ẹ̀yin tó ń ráhùn pé náírà ń rọ̀, àwọn baba ńlá wa ti ráhùn rí. Ẹyọ pọ̀, ó sì sọ iyì nù. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, alárù kan ló ń rù ú. Nígbà tó yá, owó iṣẹ́ alárù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú ohun tó rù. Àwọn oníṣòwò Jámánì jèrè tiwọn, wọ́n sì fi ọ̀kẹ́ sílẹ̀ fún wa.

Epo pupa nìyẹn o. Òun ló rọ́pò ẹrú, torí àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀rá fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ. Ìtàn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní ìparí 1851, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè, gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn ò kọ́ wa dáadáa. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀, pẹ̀lú èbúté kékeré tó ní ní Palma àti Lẹ́kì, ó ń ta epo Ìjẹ̀bú fún òyìnbó tó bá fẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó, wọ́n ní ọkọ̀ ogun, wọ́n ní aṣojú. Síbẹ̀ apá ìlà-oòrùn ọ̀sà ò sí lọ́wọ́ wọn, epo tó yẹ kó wá sí Èkó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ní 1854 wọ́n wá bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbà pé Palma àti Lẹ́kì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú kí Dòsùnmú, ọba Èkó, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di tiwọn ní oṣù kẹjọ 1861, wọn ò pẹ́ kí wọ́n tó lọ ṣa ẹnu ọ̀nà tó kù jọ. Ní 1863 wọ́n ti gba Àgbádárìgì, wọ́n ti gba Palma àti Lẹ́kì. Wọ́n ti mọ̀ nígbà yẹn pé ẹnu omi kan láìsí ọ̀sà tó yí i ká, iṣẹ́ tí kò pé ni.

Ẹ̀fúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò nì, náà mọ̀ ọ́n kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣòwò ní Àgbádárìgì, ó ṣe é l'Ékòó. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ní 1856, ó sì gbé ọjà rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, lórí odò Ògùn, níbi tó ti jẹ Ìyálóde ní 1864. Wọ́n rò pé wọ́n lé e kúrò nídìí òwò. Ìdí òwò gan-an ni wọ́n lé e lọ.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n fún Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di èébú. Ẹ̀gbá jókòó sórí odò Ògùn, Ìjẹ̀bú jókòó sórí ọ̀nà tó kọjá sí etí ọ̀sà, ìkíní kejì ní bodè, ìkíní kejì ń gba owó ibodè. Ẹrù Ìbàdàn ò gbọdọ̀ dé Èkó lọ́wọ́ Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́ lójú ọ̀nà. Èmi ò dá Ìjẹ̀bú lẹ́bi, torí èrè tí wọ́n ń jẹ láàárín yẹn ni wọ́n fi kọ́ ìlú. Glover, gómìnà Èkó, gbìyànjú láti ṣí ọ̀nà mìíràn gba Oǹdó ní 1872, kí ọkọ̀ máa gbé ẹrù gba ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn kó tó gun ilẹ̀. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán èèyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́. Bí wọ́n ti ń bọ̀, Ẹ̀gbá kọ lù wọ́n. Ogun tó tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ di mọ́ ti Kírìjì, wọn ò sì tú àgọ́ títí di 1893. A máa ń sọ pé ìjà agbára ni Kírìjì, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ìjà ọ̀nà èbúté kún un. Kí ó tó parí, Gẹ̀ẹ́sì ti fi ogun Ìmàgbọ̀n fọ́ bodè Ìjẹ̀bú ní 1892.

Lẹ́yìn ìyẹn ni irin wọlé. Ojú irin láti Ìddó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Owó ńlá ni wọ́n ná, síbẹ̀ òkìtì iyanrìn ẹnu òkun ò tíì kúrò. Ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Fọ̀kádò (Forcados) ni ọkọ̀ ńlá ń lọ já ẹrù Èkó sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó máa kó o padà bọ̀ wá. Èrò ọkọ̀ tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lójú òkun Èkó, inú àga kan báyìí ni wọ́n á gbé e sí, wọ́n á fi ẹ̀rọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń mì. Láti 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta lọ sínú òkun láti fi mú omi rìn tààrà, kó lè máa gbá iyanrìn lọ fúnra rẹ̀. Láti Àró, l'Ábẹ́òkúta, ni rélùwéè ti ń kó òkúta náà wá. Ní 1914, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní 1926 wọ́n parí wọ́ọ̀fù ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ òkun àti ojú irin ti pàdé.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ìṣàn omi ń wọ́ bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ò mọ̀ pé a ti kọ́ nǹkan. Ó gbára jọ sẹ́yìn òkúta lápá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ apá ìlà-oòrùn, níbi tí iyanrìn ò ti dé mọ́. Láàárín ọ̀rúndún kan, bèbè Victoria Island ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Àwọn ilé olówó tí wọ́n ń kó iyanrìn dí etí òkun fún lónìí, gbèsè 1908 ni wọ́n ń san.

Gbèsè kejì kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Bí irin àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń kó gbogbo ẹrù lọ sí ojú kan, àwọn èbúté ọ̀sà ń kú lọ. Èjìnrìn, ọjà tí ọkọ̀ Èkó ń rọ́ lọ, di abúlé. Ẹ̀pẹ́ di ibi tí à ń lọ ra ẹja. Àgbádárìgì di ibi tí à ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Àjàṣẹ́ náà ò yè é: àwọn Faransé kọ́ afárá irin wọ inú òkun ní Kútọnu, èbúté ńlá sì ṣí níbẹ̀ ní 1965. Lómè ṣí tirẹ̀ ní 1968.

Ẹ jẹ́ ká dé àkókò tiwa. Ní 1975, ìjọba ológun ra sìmẹ́ńtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láàárín ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá Àpápá lè já a. Ọkọ̀ tó ju 400 lọ tò sójú òkun Èkó, wọ́n ń gba owó ìdúró lójoojúmọ́, sìmẹ́ńtì sì ń dì sínú wọn. Ohun tí wọ́n fi wò ó ni pé wọ́n kọ́ wọ́ọ̀fù mìíràn sí Tin Can Island, wọ́n sì ṣí i ní 1977, lójú ọ̀nà kan náà tí Àpápá ń lò. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn mọ ohun tó dà. Nígbà tó le jù, tírélà ń sùn sórí afárá, awakọ̀ ń sè, wọ́n ń fọ aṣọ, kọ̀ntéénà ń fi ọ̀sẹ̀ rin ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ lè fi wákàtí kan rìn. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀sà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní oṣù kìíní 2023 wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kì, omi rẹ̀ jìn ní mítà 16.5, ọkọ̀ tí Àpápá ò lè gbà lè wọ ibẹ̀. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, kò sí ojú irin kan tó dé ibẹ̀. Ọ̀nà tírélà ni wọ́n tún gbójú lé. Lẹ́kì kan náà nìyí o, ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí Kòsọ́kọ́ fi mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, torí pé ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀!

Báàjì ti ń gbé kọ̀ntéénà díẹ̀ láti Àpápá lọ sí Ìkòròdú. Ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ohun tó kù ni kí wọ́n gbẹ́ ojú omi láti Lẹ́kì dé Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, kí wọ́n gbẹ́ ti apá Àgbádárìgì lọ sí ààlà, kí wọ́n kọ́ ibi ìjẹ́rù síbẹ̀, kí àwọn aṣọ́bodè sì lè yẹ ẹrù wò lọ́hùn-ún dípò kí gbogbo rẹ̀ máa kóra jọ sẹ́nu géètì kan. Kábíyèsí, ẹ lo ohùn yín. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ìdìbò ń bọ̀, àwọn olóṣèlú á sì wá kí yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa kọ́ títì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé ọdún wo ni ọkọ̀ ẹrù yóò tún gúnlẹ̀ sí Èjìnrìn. Bí kò bá ní èsì, ẹ jẹ́ kó máa lọ.